Sípíkà Méjì Tó Wà Lẹ́yìn Àga Bàbá Mi

Ẹnu mi ló kó bá mi. Bàbá mi ti sú mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ni mo bá la ẹnu, mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Tí mi ò bá jẹ́ kí bàálù inú fíìmù yẹn gba ẹ̀yìn yín kọjá kó tó di Sátidé, èmi fúnra mi ni màá gbé yín lọ sí gáréèjì, kẹ́ ẹ wọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́."

Wọ́n ní, "O ṣé. Mo gbà."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá mi kì í gba ọ̀rọ̀ kí wọ́n tún dá a padà.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn wà, kí àìsàn tó gba ojú wọn méjèèjì. Lẹ́yìn ikú ìyá mi, àwọn nìkan ló ń gbé ilé l'Ọ̀yọ́. Àwọn aládùúgbò ló bá wọn lọ́jọ́ kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga, ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n já sínú rẹ̀. Bí mo ṣe gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Karmo, l'Abuja, nìyẹn. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá padà sílé yẹn, ọjọ́ tí kànga máa mú wọn là ń retí.

Abuja kò sì bá wọn lára mu. Àárọ̀ kùtù ni mò ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọlé. Aládùúgbò á kí wọn lédè Haúsá, "Sànnu, Baba", wọ́n á ní "Yauwa", ọ̀rọ̀ parí. Fíìmù nìkan ló ń mú inú wọn dùn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bá ọlọ́pàá ojú ọ̀nà jà tó wọn láti fi gbọ́ ọ. Tí mo bá ti tan fíìmù fún wọn, màá wọ yàrá lọ bá iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mo gbé wálé.

Èmi náà, orí mi kì í pé tó bá di ọ̀rọ̀ fíìmù. Àwo fíìmù kún àpótí nílé mi, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń ha wọ́n, ni mo ṣe da ohun tó wà nínú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Sípíkà méje ló yí pálọ̀ mi ká: mẹ́ta níwájú, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, méjì lẹ́yìn àga tí bàbá mi ń jókòó sí. Mo rò pé gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi ló sọ fún mi pé irọ́ ni.

Wọ́n ní, "Bàálù yìí wá láti iwájú, ó dé ẹ̀gbẹ́ etí mi ọ̀tún, ó kú síbẹ̀. Ibo ló wọlẹ̀ sí? Dírẹ́bà tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ikú ló ń wà. Ilé yìí ò ní ẹ̀yìn. Gbé mi lọ sílé mi." Ibẹ̀ ni mo ti bínú, tí mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi etí lé sípíkà ẹ̀yìn méjèèjì. Kẹ́kẹ́ pa! Mo pààrọ̀ wáyà, kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ní kí ẹ̀rọ tó ń darí àwọn sípíkà dán wọn wò fúnra rẹ̀, wọ́n dún ketekete. A jẹ́ pé fíìmù tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni kò ní ohùn ẹ̀yìn nínú. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí mo fi ń lo àwo fúnra rẹ̀ ti kú, iná tó wá lójijì ló pa á.

Mo wá a kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí ìdí rẹ̀. Ipele méjì ni wọ́n ń to ohùn sí lórí irú àwo bẹ́ẹ̀: ìpìlẹ̀, àti àfikún tí wọ́n gbé lé e. Inú àfikún yẹn ni ohùn ẹ̀yìn wà. Èmi tí mi ò fẹ́ kí fíìmù gba àyè jù, ìpìlẹ̀ nìkan ni mo ní kí kọ̀ǹpútà mú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé ẹ̀yìn fíìmù dànù! Mo bú ara mi dáadáa.

Ó di dandan kí n tún àwo yẹn kó látìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ha. Kọ̀ǹpútà á máa lọ̀ ọ́ gbirigbiri, á dé àárín, á dúró. Màá nu àwo, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ẹ̀ parí, iná lọ. Mo pariwo, "Yéè! Ta ni mo ṣẹ̀?"

Pálọ̀ ni kọ̀ǹpútà wà, nítorí náà orí kápẹ́ẹ̀tì ni mò ń jókòó sí lálaalẹ́, lẹ́sẹ̀ bàbá mi. Bí a ṣe ń dúró dè é ni wọ́n ń sọ ìtàn ọ̀nà fún mi: afárá tó já lójú wọn, mọ́tò tó bàjẹ́ sínú igbó, bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rí ìyá mi lẹ́bàá títì. Mi ò gbọ́ ìkan nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n àpò ẹrù wọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fóònù láti Ìlọrin. "Bàbá ní kí n pàdé àwọn ní gáréèjì Ọ̀yọ́ ní Sátidé. Àbúrò, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé o gbàgbé kànga ni?" Mo ní iná fóònù mi ti fẹ́ tán, mo gé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àwo náà tó wọlé tán. Mo tan fíìmù, mo di ọwọ́ àga bàbá mi mú. Bàálù dé.

"Ó ti dún!" ni mo wí.

"Ó dún, ṣùgbọ́n ó dàrú. Èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn ló wà létí mi. Ti ẹ̀gbẹ́ etí ló bọ́ sẹ́yìn."

Mo ta àpótí ìtìsẹ̀ nípàá, ó gbá ògiri. Bàbá mi ní, "Ìbínú ò da nǹkan kan fúnni. Tí táyà ọ̀tún bá bọ́ sí òsì, ṣé o máa sun mọ́tò náà ni?"

Ó wá yé mi pé kọ̀ǹpútà ló gbé ohùn méjèèjì fún ara wọn. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ sípíkà. Wáyà ẹ̀gbẹ́, mo tì í bọ ojú ihò ti ẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn, mo tì í bọ ti ẹ̀gbẹ́. Mo tún tan fíìmù náà.

Bàálù wá láti iwájú, ó gba etí ọ̀tún, ó sì gba ẹ̀yìn àga kọjá lọ sí òsì. Bàbá mi yí orí wọn tẹ̀lé e pátápátá bí ẹni tó ń rí i.

"Háà," ni wọ́n wí. "Ó lọ."

Mo jó, mo pàtẹ́wọ́. "Bàbá, mo borí yín! Kò sí Ọ̀yọ́ mọ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì ọ́fíìsì mi kọ́ èjìká. "Ẹ máa gbádùn yín o, iṣẹ́ ń dúró dè mí ní yàrá."

"Ó ti dára báyìí?"

"Ó ti dára pátápátá, sà."

"Bà á jẹ́ padà."

Mo rò pé àwàdà ni. "Bàbá, kí ló tún dé?"

"Àtìgbà tó o ti ń tún un ṣe lo ti ń jókòó tì mí. Ó ti wá dára, o sì ti fẹ́ wọ yàrá. Mo ti pàdánù, mi ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bà á jẹ́ padà."

Ojú tì mí. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo padà jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo fẹ̀yìn ti orúnkún wọn. Mo kó aṣọ sí ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi rí, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Rọra máa sunkún," ni wọ́n wí, "jẹ́ n gbọ́ fíìmù."