Omi Tí Ìyá Kékeré Dà Sínú Àdí

Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń sè nílé wa ní Ẹdẹ, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ wò ó bí ó bá ti fọn fèrè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi gbé ìkòkò àdí, epo èkùrọ́ tí ó fi ń se ọṣẹ, kaná lẹ́yìnkùlé. Fèrè dún, àwa méjèèjì sáré jáde. A pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí a padà dé, àdí ti gbiná.

Ìyá mi mú igi gígùn kan, ó fẹ́ fi ti ìkòkò náà kúrò lórí ààrò. Ibẹ̀ ni Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi, ti yọ láti inú ilé pẹ̀lú igbá omi.

"Ìyálé mi, ẹ yẹra!"

Ó da omi náà sínú àdí. Nǹkan dún gbòlà, iná sì fò sókè, ó ga ju òrùlé lọ. Iná tí a da omi sí! Àdí tó ń jó ta sí ìyá mi lápá títí dé ọrùn. Bàbá mi ló fa páànù kan wá, tí ó fi dé ìkòkò náà, kí iná tó kú.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ẹbí ìyá mi ti kún agbo ilé.

"Ta ló rí i rí kí omi máa mú iná dìde?" ni wọ́n wí. "Kí lo pò mọ́ omi yẹn?"

Ìyá Kékeré kúnlẹ̀. "Omi odò ni. Mo fẹ́ gbà wọ́n ni."

Wọ́n pè mí, èmi tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní kí ni mo rí. Mo ní, "Ìyá Kékeré da nǹkan sí i, iná sì dìde."

Nǹkan ni mo pè é, n kò pè é ní omi. Ìyá Kékeré wò mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Sẹ̀kọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn ìjọ. Mo bi olùkọ́ wa léèrè ìdí tí omi fi ń sun lójú egbò iná, bí ó ti sun lápá ìyá mi.

Ó ní, "Ẹyọ omi kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, ní ìhà méjì tí kò jọra, bíi ti òòfà. Ìhà kan a máa fa ìhà kejì ti ẹnìkejì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe ń di ara rẹ̀ mú. Epo kò ní irú ìhà bẹ́ẹ̀, nítorí náà omi kò gbà á mọ́ra. Ọ̀rá inú awọ ló ń sé omi ara wa mọ́. Bí iná bá ti jó o, omi á máa jò." Ó tún ní, "Ẹ má ṣe da omi sí epo tó ń jó o. Á rì sábẹ́ epo, á hó lójijì, á sì sọ iná sókè."

"Omi lásán, sà?"

"Omi lásán."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi, ó gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo rí inú igbá náà," ó ní. "Omi tó mọ́ ni."

"Ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Iná náà dẹ́rù bà mí. Mo ní omi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó fọwọ́ pa àpá ọrùn rẹ̀. "Ìlọ rẹ̀ sì tù mí lára."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti olùkọ́ lọ.

A jọ lọ sí Sẹ̀kọ̀nà. Ìyá Kékeré ti ní ọkọ mìíràn, ó ń ta iyọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé omi ni," ó ní.

Lẹ́yìn náà ni ó ká apá aṣọ ìyá mi sókè. Ó ti kúrò nílé wa kí wọ́n tó tú aṣọ tí wọ́n fi di egbò náà. Kò rí i rí. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyálé mi! Ṣé bó ti pọ̀ tó nìyí?"

Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga kan náà, wọ́n ń sunkún. Ìyá Kékeré kò padà sílé wa mọ́.