Ìṣó Tí Ọwọ́ Ìyá Àgbà Kò Tó Mọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Bẹyẹrúnká lẹ́yìn òmìnira tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ìṣó ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìṣó lásán!

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní ìṣó kan lára ògiri yàrá rẹ̀. Bó bá ti kírun tán, ibẹ̀ ló máa ń fi tẹ̀súbáà rẹ̀ kọ́. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìṣó náà. Ló bá pe Sìfáwù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń gbálẹ̀ yàrá náà.

"Ìyàwó, ta ló gbé ìṣó mi gòkè?"

Sìfáwù kúnlẹ̀, ó ní òun kò fọwọ́ kàn án.

"O ò fọwọ́ kàn án! Àbí ó hu ìyẹ́ ni?"

Sìfáwù bú sẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìyá Àgbà ní ó ń fi òun ṣẹ̀sín, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìdí Àrẹrẹ, ó pẹ́ tán ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń wa tasí, kò mọ ẹni tí ì bá gbè lẹ́yìn.

Ẹ̀sùn yìí kò dá mi lójú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, n kò tíì ríṣẹ́, nítorí náà àyè wà. Mo gun àga wo ìṣó náà. Ó ti dógùn-ún, àbàwọ́n pupa rẹ̀ sì ti ṣàn sára ògiri. Kò sí ihò mìíràn nítòsí, kò sí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ kò sì là. Ìṣó kò rìn, ilẹ̀ kò rì. Kí ló wá kù?

Ènìyàn ló kù. Mo wá rántí pé ìró Ìyá Àgbà ti ń wọ́lẹ̀, ó sì ń bú ẹni tó ta aṣọ náà fún un ní Ọjà'ba. Láti ìgbà tó sì ti gbé korobá omi kan lásìkò òjò ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Gbogbo ilé ní ọjọ́ orí ni.

Mo rọra sọ fún un pé ó jọ pé òun ló ń kúrú.

"Ìwé tí wọ́n kọ́ ẹ nìyẹn? Kó o máa pe àgbàlagbà ní kúkúrú?"

Àmọ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó gbà pé kí tasí ẹ̀gbọ́n mi gbé wa lọ sí ọsibítù.

Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀. Dókítà gbé e síwájú iná, ó fi méjì nínú eegun ẹ̀yìn tó ti rún hàn wá, ó ní ìyẹn ló mú un kúrú. Ó ní eegun náà dà bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀: ó dúró lóòótọ́, àmọ́ ó ti ṣófo. Ó ní àìsàn eegun yìí máa ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dúró, kì í sì í dunni títí eegun á fi ṣẹ́.

Mo bi í bóyá fọ́tò ì bá ti fi hàn ṣáájú. Ó ní kì í tètè hàn, nítorí púpọ̀ nínú eegun á ti lọ kí fọ́tò tó rí i. Ohun tí ará ilé lè tètè rí ni pé ènìyàn ń kúrú. Kò ṣèlérí oògùn kankan. Ó ní kí Ìyá Àgbà má gbẹ́rù mọ́, kó ṣọ́ra fún ìṣubú, kó máa mu mílíìkì, kó máa jẹ ẹja teegun-teegun, kó sì máa rìn díẹ̀ nínú oòrùn.

Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà pe Sìfáwù.

"Ìyàwó, tú ẹrù ẹ. Eegun mi ló sá, kì í ṣe ìṣó."

Èmi wá mú tépù télọ̀ jáde kí n fi wọn ìyá mi àti àwọn àgbà obìnrin ilé, ká lè máa tètè mọ̀. Hà! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde.

"Òkú là ń wọ̀n!" Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ṣé o ti gbẹ́ sàréè mi tán ni?"

Lóòótọ́, òkú nìkan ni wọ́n ń wọ̀n nílé wa, kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Kò sí àlàyé tí wọ́n gbà.

Ìyá Àgbà ló yanjú ẹ̀. Sìfáwù fẹ́ yọ ìṣó náà wálẹ̀ fún un, ó ní kó fi í sílẹ̀, kó kan òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wá pàṣẹ pé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí gbogbo obìnrin ilé máa wá fi tẹ̀súbáà kọ́ ìṣó òkè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń tó o tẹ́lẹ̀ tí kò tó o mọ́, ọsibítù yá.

Kò péye tó tépù, nítorí apá tó ń dunni náà lè máà jẹ́ kí ọwọ́ tó o. Ṣùgbọ́n kí ni tépù tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó kan òun fẹ́ wọ̀n? Ìrora ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bóyá mílíìkì ni o, bóyá Sìfáwù tí kò jẹ́ kó gbé korobá mọ́ ni, n kò lè sọ.

Ní Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, ìyá mi nawọ́, ó nàró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, tẹ̀súbáà kò kọ́. Ó yíjú padà.

"Sìfáwù, ṣé o ò gbé ìṣó yìí gòkè ṣá?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Sìfáwù wọlé lọ mú gèlè àti bàtà ìyá mi wá.

Fọ́tò eegun tirẹ̀ ní ọsibítù fi hàn pé eegun ti ń fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó rún. Àyè ṣì wà láti ṣọ́ra, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti Ìyá Àgbà nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò ju pé ká má di ẹrù gbogbo nǹkan ru ọjọ́ orí.

Nílé tiyín ńkọ́? Ṣé pẹpẹ kan ti ń ga ju ẹnìkan lọ, tàbí ìró ìyá yín ti ń gbálẹ̀? Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá ìyàwó ilé jà, ẹ kọ́kọ́ gun àga wo ìṣó.