Àyọ̀kẹ́ Lẹ́yìn Ẹní

Ọdún 1958 ni Àyọ̀kẹ́, ará Òkè-Ìlá, padà sílé láti ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, láàyè. Jẹjẹrẹ ọyàn ló gbé e lọ. Wọ́n gé ọyàn òsì, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kan tí ojú kì í rí iná rẹ̀ jó ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀. Àrùn náà lọ, ṣùgbọ́n awọ àyà rẹ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, á dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un. Bó bá sún mọ́ iná, á máa ta á bí ata.

Gàrí yíyan sì niṣẹ́ rẹ̀. Òun, Yèyé Bámgbóyè àti Fọláṣadé ló jọ ń ṣe àáró: lónìí ẹ̀gẹ́ tèmi, lọ́túnla tìrẹ. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti agbada, kò sẹ́ni tí yóò bá a yan tirẹ̀. Èyí ló wà lọ́kàn Àyọ̀kẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́, tó fi aṣọ méjì bo àyà.

Yèyé Bámgbóyè, àgbà wọn, rí i bó ti ń gbọ̀n.

“Òtútù ń mú ọmọ yìí! Fọláṣadé, gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ iná.”

Ojú ti Àyọ̀kẹ́ láti kọ oore. Ó jókòó. Kò pẹ́ tó fi ta gìrì dìde, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gàrí dà sílẹ̀.

“Háà, Ìyá Fúnṣọ́!” Fọláṣadé bú sẹ́rìn-ín sí Àyọ̀kẹ́. “Ìbàdàn ti sọ yín di ìyàwó òyìnbó.”

“Mi ò lè jókòó tì í mọ́,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. Ó lọ dúró sẹ́yìn ẹní tí wọ́n ta láti dí atẹ́gùn, ó ń ro ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó wà lóko. Ibẹ̀ ló ti kíyè sí i pé ọ̀kánkán iná Fọláṣadé ń ta òun láyà ju ọ̀kánkán iná Yèyé lọ.

“Fọláṣadé, fa igi kan jáde. Iná rẹ ti pọ̀ jù.”

“Látẹ̀yìn ẹní lẹ ti mọ̀?”

Fọláṣadé fi igbá yí gàrí padà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n.

Yèyé rọra fa igi méjì kúrò nídìí agbada tirẹ̀ láti dán Àyọ̀kẹ́ wò.

“Yèyé, iná tiyín ti lọ sílẹ̀,” ni Àyọ̀kẹ́ wí látẹ̀yìn ẹní. “Gàrí yín á di kókó.”

Ìyá àgbà náà dìde, ó bọ́ sẹ́yìn ẹní, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síhà iná, ó tún kọ àyà síbẹ̀. Òtútù ọyẹ́ nìkan ló bá a.

“Ogójì ọdún ni mo ti ń yan gàrí,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mi ò mọ nǹkan kan níbí yìí. Olúwa ò, irú ara wo rèé?”

“Ara tó ń dùn mí ni, Yèyé.”

Yèyé gbé ajọ̀ lé e lọ́wọ́.

“Jókòó síbí, máa bá wa jọ gàrí. Bó o bá ti mọ̀ ọ́n lára pé iná pọ̀ jù tàbí pé ó lọ sílẹ̀, wí fún wa.”

“Àáró tèmi ńkọ́?”

“Lọ́túnla, oko rẹ ni.”

Fọláṣadé kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wọlé lọ gbé ẹní mìíràn wá, ó ta á mọ́ ti àkọ́kọ́.

“Ìyá Fúnṣọ́, ṣé ó tó báyìí, àbí kí n sún un?”