Kásẹ́ẹ̀tì Ìbáwí Daddy

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí Daddy bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò bá wa wí. Iṣẹ́ rélùwéè ló ń ṣe. Bí ọkọ̀ ojú irin bá gbé e kúrò ní Ọ̀fà, ó lè di ọjọ́ kẹjọ kí a tó rí i. Mummy sì ní apá òun ò ká èmi àti àbúrò mi obìnrin mọ́. Ni Daddy bá ra rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ó tẹ bọ́tìnì pupa, ó bá wa wí sílẹ̀ de odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ìrun Mágíríbì, Mummy á gbé rédíò sórí àga Daddy, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, “Bàbá yín ń sọ̀rọ̀. Ẹ kúnlẹ̀!”

A ó kúnlẹ̀ fún rédíò. Daddy á kí wa, á dákẹ́ díẹ̀ kí a lè dáhùn, àwa náà á ní, “Ẹ káalẹ́ sà.” Á tún dákẹ́, á wá pariwo lójijì: “Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?” Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín ti máa ń bọ́ lẹ́nu wa. N ò mọ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n títí dòní.

Ìdààmú wá dé. Kíláàsì wa fẹ́ ṣe sẹ́ńdófù, àríyá ìdágbére, lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀rẹ́ mi tí a ti jọ ń jókòó láti kíláàsì kìíní yóò sì kó lọ sí Jos lọ́jọ́ kejì. Bí n ò bá lọ, n ò ní rí i mọ́. Daddy ti wà ní Kano.

“Bàbá yín ò sọ ọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì,” ni Mummy wí. “N ò lè dá a sọ.”

Ṣé ẹ rí rédíò yẹn, bí bátìrì bá ti ń kú lọ, ṣe ni ohùn á máa fà, á máa wúwo. Mo fi bátìrì tuntun gba ohùn ara mi sí ìparí ọ̀rọ̀ Daddy, mo wá kó ògbólógbòó padà sínú rẹ̀. Nígbà tí a dán an wò, ohùn mi jáde bíi ti àgbàlagbà tó jẹ iyán ìlú Ojoku yó. Àbúrò mi fi ìrọ̀rí dí ẹnu kí ẹ̀rín má baà pa á.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, a kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. Daddy bá wa wí tán, ohùn kejì bẹ̀rẹ̀: “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sí sẹ́ńdófù lọ́la. Ẹ ṣeun mà.”

Mummy pa rédíò.

“Láti ọjọ́ wo ni bàbá yín ti ń pè mí ní ẹ̀yin?”

“Mummy, ṣé o gbọ́?” ni Daddy máa ń wí ní tiẹ̀. Mo ro ti bátìrì, mo ro ti ohùn, ẹ̀kọ́ ilé ló wá tú mi fó.

“Ó dáa,” ni Mummy wí. “Pè mí ní ìwọ níbí báyìí, kí o máa lọ.”

Mo la ẹnu. Sẹ́ńdófù wà lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ mi wà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Ohun tó jáde ni, “Mummy, ẹ má bínú.”

Mummy rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀. “Olè tó ń kí onílé kó tó wọlé! Máa lọ, àmọ́ kí aago márùn-ún bá ẹ nílé.”

Mo lọ. A jó, a sunkún, a di mọ́ra wa, inú mi dùn débi pé mo sáré délé kí aago márùn-ún tó lù.

Nígbà tí Daddy dé, Mummy tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà fún un. Mo ti ń retí pàṣán. Ó kàn yọ bátìrì, ó wò wọ́n, ó wò mí, ó lọ wẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kúnlẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Kò kí wa. “Mummy,” ni Daddy wí, “ẹ káalẹ́ mà.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mummy tó ń fọwọ́ lé ìbàdí látọjọ́ yìí bá rọra kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa.

“Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?”

Lọ́jọ́ náà, Mummy ni.