Ẹsẹ̀ La Fi Rìn Lọ Tọrọ Ìyàwó ní Ìlàrè

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tí àwọn àna wa wá tọrọ ọmọ-ọmọ mi obìnrin nílé wa ní Ìrẹmọ, mọ́tò ni wọ́n fi dí ojú ọ̀nà. Ẹlòmíì dá nìkan wà nínú tirẹ̀. Àwọn dírẹ́bà kò pa ẹ́ńjìnnì títí a fi ṣe tán. Wọ́n ní kí ẹ́síì inú mọ́tò lè máa fẹ́ atẹ́gùn tútù. Èéfín wọlé bá wa ní pálọ̀. Ìyàwó ilé kejì sí tiwa gbé ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo jókòó níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé bó bá kan àwa, a ò ní ṣe báyìí fún ẹnikẹ́ni.

Ó sì kàn wá. Àbúrò ọmọ náà ọkùnrin rí ọmọ kan fẹ́ ní Ìlàrè, àdúgbò kan nínú ìlú wa níbí. Mo pe gbogbo ilé jọ, mo ní ẹsẹ̀ la ó fi lọ.

Ariwo ta. Ọmọ mi, bàbá ọkọ ìyàwó, rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

"Màmá, orúnkún yín ńkọ́?"

"Orúnkún mi ni yóò gbé mi, kì í ṣe tìẹ."

Ọkọ ìyàwó gan-an ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó tẹ̀lé mi wọ yàrá, ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

"Màmá àgbà, ẹ ṣàánú mi. Bàbá ọmọ yìí ní jíípù, àwọn àbúrò rẹ̀ náà ní. Tí wọ́n bá rí wa lẹ́sẹ̀, wọ́n á ní tálákà ló fẹ́ wá kó ọmọ àwọn lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo mọ̀ pé kì í ṣe fáàrí ló ń bá a jà. Ẹ̀rù ń bà á kí ọmọbìnrin náà má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mọ́tò tiwa nìkan kọ́ ló ń ba ayé jẹ́," ó tún sọ.

"Gbogbo wa là ń sọ bẹ́ẹ̀," ni mo dá a lóhùn. "Ìwọ náà rí bí òjò ṣe ń ṣe ségesège àti bí ooru ṣe ń mú. Mi ò lè tún ti gbogbo ayé ṣe, ṣùgbọ́n èéfín tí èmi bá tú sílẹ̀, tèmi ni. Bó o bá ń lọ sí Ìbàdàn, wọ mọ́tò. Láti ibí dé Ìlàrè? Rárá o."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn, a bá a pe kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Àwa tó kù gba ọ̀nà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹrù ìdána bá wà nínú búùtù, ta ló ń rí i? Lọ́jọ́ náà, orí làwọn ìyàwó ilé fi ru gbogbo rẹ̀: iṣu, obì, orógbó, oyin nínú ìgò. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tá a dé Ẹnuwá láàárín ìlú, àwọn tó ń tajà dìde dúró.

"Ẹ̀yin ìyá, ọmọ ibo lẹ fẹ́ lọ gbé?"

"Ọmọ Ìlàrè ni!"

"Ẹ kú oríire o! Iṣu yìí mà tóbi! Àwọn àna yín á yó!"

Ẹnìkan dá orin, la bá ń gbè é. Obìnrin kan bo ọjà rẹ̀, ó ní òun ń sìn wá débẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà dúró kí a kọjá. Ọkọ ìyàwó, tó ti ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀, gbé orí sókè díẹ̀.

Nígbà tá a fi dé ilé wọn, èrò ti pọ̀ lẹ́yìn wa. Alága ìjókòó tí wọ́n gbà gbé máìkì sẹ́nu:

"Ẹ̀yin ará Ìrẹmọ, ṣé owó epo ló wọ́n yín tó báyìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo rí ojú ọmọ-ọmọ mi tó tún rẹ̀wẹ̀sì. Mo kúnlẹ̀, nítorí àwa la wá tọrọ.

"Mọ́tò wà nílé wa," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ yín, ṣé èéfín ló yẹ kó kọ́kọ́ kó wọlé fún yín?"

Bàbá ọmọbìnrin náà dìde, ó fà mí sókè fúnra rẹ̀. Ó wo ojúde rẹ̀ tí àwọn aládùúgbò kún.

"Màmá, mo ti fa ọmọ fọ́kọ nílé yìí rí. Àwọn àna á sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n á wọlé, wọ́n á lọ. Tòní, gbogbo àdúgbò ló bá mi gbàlejò. Ẹ ti rí ìyàwó gbà."

Ọmọ-ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò tètè dìde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa mú ìyàwó wá, jíípù la ń retí. Orin la gbọ́ lókèèrè. Ìyàwó ló ń bọ̀ lẹ́sẹ̀, aṣọ òkè lára, bàtà kánfáàsì lẹ́sẹ̀, bàbá rẹ̀ ń nu òógùn lẹ́yìn.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ rìn?" ni mo bi ìyàwó náà.

"Èmi ni, Màmá. Ẹsẹ̀ ń dùn mí o, ṣùgbọ́n gbogbo Ẹnuwá ló gbàdúrà fún mi."

Mo bu omi tútù fún un, mo sì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra mi.