Wọ́n Mú Mi Wo Òkú Olókùú ní Edinburgh, Wọ́n Fi Ti Ọmọ Mi Pamọ́

Ẹ fara balẹ̀, kí n ròyìn ohun tójú mi rí. Èmi ò mọ̀wé, Tómi ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Tómi, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́ o!

Ọdún tí yìnyín bo Houston ní Amẹ́ríkà níbí, tí iná lọ, tí omi dì nínú páìpù, tí a fi àga onígi dáná ní Missouri City, àdúgbò wa lẹ́bàá Houston, kí òtútù má baà pa wá, ọdún náà ni Káyọ̀dé ọmọ mi kú ní Edinburgh, ìlú àtijọ́ kan ní Scotland. Ọkàn ẹ̀ ló kàn dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì!

Wọn ò jẹ́ kí n lọ síbi ìsìnkú. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n: ojú òbí kì í rí sàréè ọmọ. Èèwọ̀ ni.

Nígbà tí ooru ọdún kejì dé, Bùkọ́lá àkọ́bí mi ní ká lọ kí Ṣadé, ìyàwó olóògbé. Ó ní ká fi wo ìlú, kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Gbogbo ibi tí a máa lọ ló ti kọ sínú fóònù ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, a gun orí àpáta lọ sí ilé olódi àwọn ọba wọn. Ìbọn ńlá kan dún ní aago kan ọ̀sán, àyà mi já! Nísàlẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wọ síkẹ́ẹ̀tì, ó ń fun fèrè. Ẹ̀rín pa mí, mo ní màá sọ fún Káyọ̀dé. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ gbàgbé pé ó ti kú.

Lẹ́yìn náà wọ́n mú mi wọ abẹ́ ilẹ̀, àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n kọ́lé tuntun lé lórí. Ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri ń ròyìn bí àjàkálẹ̀ àrùn ṣe pa àwọn ará ibẹ̀, Bùkọ́lá ń túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Òkùnkùn, òtútù. Ṣé èyí ló máa mú ọkàn èèyàn fúyẹ́?

Ọjọ́ kejì, itẹ́ òkú ni! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan, àwọn àlejò ń ya fọ́tò níbẹ̀ bíi pé ibi ìgbéyàwó ni. Wọ́n gbé ère ajá kan kalẹ̀ níta. Mo béèrè ohun tí ajá ṣe. Bùkọ́lá ní olówó ẹ̀ ló kú, wọ́n ní ọdún mẹ́rìnlá ni ajá náà fi jókòó ti sàréè ẹ̀, títí tóun náà fi kú.

Mo dúró. Imú ajá yẹn ń dán níbi tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ pa á.

"Bùkọ́lá, ibo ni Káyọ̀dé wà?"

"Há, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"Láti àná lẹ ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n lè wo òkú olókùú. Tèmi ńkọ́?"

"Mọ́mì, èèwọ̀ ni. Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ wa."

"Ajá ò ní èèwọ̀, àbí? Ó sàn jù mí lọ nìyẹn!"

Ṣadé tó ń bá wa rìn bú sẹ́kún. Òun ló pe táksí.

Ibi tí wọ́n sin Káyọ̀dé sí ò jìnnà. Koríko ti bo ibẹ̀ débi pé Ṣadé kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a mọ̀. Òdòdó wà lórí ti ọ̀tún, òdòdó wà lórí ti òsì. Ti ọmọ mi, nǹkan kan ò sí. Ṣé ẹ mọ ìdí? Láti ọjọ́ ìsìnkú, ẹnì kankan ò débẹ̀! Ṣadé ní òun nìkan ò lè wá. Bùkọ́lá wà ní Amẹ́ríkà. Èmi, èèwọ̀ dè mí mọ́lẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ń fa koríko. Mo ní kí Bùkọ́lá ka ohun tó wà lára òkúta fún mi. Ó ka orúkọ ẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ó ń kà á, mo ń fa koríko lọ.

Ẹ má rò pé ọkàn mi balẹ̀ o. Rárá! Àwọn àgbà tó ṣe èèwọ̀ yẹn mọ ohun tí wọ́n ń sá fún: títí dòní, bí mo bá dijú, koríko yẹn ni mò ń rí. Àmọ́ n ò kábàámọ̀. Èèwọ̀ ní kí òbí má lọ ni, kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín sùn sílẹ̀ òkèèrè, ṣé ẹ lọ wò ó? Àbí ẹ gbà fún èèwọ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, Tómi á kà á sí mi létí.

Nígbà tí a padà dé Houston, mo pe àwọn ọmọ mi tó kù jọ. Mo ní: èmi tí kò yẹ kí n lọ ti lọ. Ẹ̀yin tí èèwọ̀ ò mú, kí ló mú yín? Lọ́dọọdún, kí ọ̀kan nínú yín lọ fa koríko yẹn. Bí mo bá sì kú, ẹ má tíì kó òdòdó wá sórí tèmi. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbi ti Káyọ̀dé.