Bàtà Dídán Dyoguor

Ọdún mẹ́ta péré ni Dyoguor lò ní ìlú ńlá Yakutsk tó fi kó ọgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè wá sí abúlé wa, pẹ̀lú bàtà dúdú kan tó ń dán bíi dígí. Ó ní ará oko nìkan ni òtútù ń mú. Ọdọọdún ni Okdoos ìyàwó rẹ̀ ń fi awọ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín rán bàtà onírun fún un, ọdọọdún ni ọkùnrin náà sì ń fi í dá ilẹ̀kùn dúró.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan ní abúlé kejì, Okdoos tún gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá Keskil, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ èyí."

"Kí n wọ irun lọ jó? Ṣé ajá ni mí ni?"

"Ajá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mọ́tò rẹ̀ kú sójú ọ̀nà. Ó wo bàtà rẹ̀, ó ní abúlé ò kúkú jìnnà, ó bá ń fẹsẹ̀ rìn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá òkú rẹ̀ lórí odò tó ti dì, ìhòòhò ni. Ó ká kóòtù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì to bàtà dídán náà lé e lórí.

Níbi ìsìnkú, Semenchik ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Akọni ni. Ó bọ́ṣọ kó lè bá òtútù jìjàkadì."

Ọmọdé abúlé wa pàápàá mọ̀ pé bí òtútù bá fẹ́ pa èèyàn tán, á purọ́ fún un pé ooru ń mú un, kó bọ́ṣọ.

"Akọni wo?" ni Okdoos wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ká aṣọ rẹ̀, kó máa to bàtà rẹ̀. Òtútù sọ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ́."